Ohun tí Awò X-ray Òfurufú Fi Hàn nípa Ìbúgbàmù Ìràwọ̀: Àpẹẹrẹ Cassiopeia A

1. Ìfáárà

Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi awò-awọ̀nàjíjìn tí ó ń gba ìtànṣán X-ray wádìí ìràwọ̀ tí ó ti bú gbàmù. Cassiopeia A ni àpẹẹrẹ tí àlàyé náà gùn lé. Àwókù ìràwọ̀ ńlá kan ni. Ó jìnnà sí ayé tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn fún nǹkan bí 11,000 ọdún kí ó tó dé ibí. Nǹkan bí 340 ọdún sẹ́yìn ni ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàmù náà kọ́kọ́ dé ayé. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ nìyí: kí ni ó mú kí ìràwọ̀ tí ó ti ń wó sínú ara rẹ̀ tún fọ́n jáde? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé inú ìràwọ̀ ni irin inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti ṣẹ̀ wá.

2. Ìdí tí awò náà fi gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀

Gáàsì inú àwókù yìí gbóná tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìwọ̀n, ohun tí ó bá sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ a máa tan X-ray. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká kì í jẹ́ kí X-ray ojú ọ̀run dé ilẹ̀. Nítorí èyí ni Riccardo Giacconi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé ẹ̀rọ sókè ní ọdún 1962, tí wọ́n sì rí orísun X-ray àkọ́kọ́ tí kò sí lábẹ́ àkóso oòrùn wa. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 1970, etíkun Kenya ni wọ́n ti rán sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí sókè. Àyájọ́ òmìnira Kenya ni ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Uhuru, tí ó túmọ̀ sí òmìnira ní èdè Swahili.

X-ray tí ó bá kọlu jígí ní tààrà yóò wọ inú rẹ̀ lọ ni, kò ní ta padà. Nítorí náà, jígí irú awò bẹ́ẹ̀ rí bí àgbá tí kò ní ìdí, kí ìtànṣán lè fẹ̀gbẹ́ kàn án, kí ó sì ta kúrò, gẹ́gẹ́ bí òkúta pẹlẹbẹ tí a jù sójú omi. Irú jígí yìí ni Chandra, tí Amẹ́ríkà rán sókè ní oṣù Keje, ọdún 1999, ní.

3. Àwọn ẹ̀rí

Èròjà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n agbára X-ray tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlù kọ̀ọ̀kan ti ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀nà yìí ni a fi ń mọ ibi tí irin, imí-ọjọ́ àti sílíkọ́nì, èròjà tí ó pọ̀ nínú iyanrìn, wà. Inú lọ́hùn-ún ni ìràwọ̀ ti ń ṣe irin. Sílíkọ́nì ni ó bò ó lórí. Síbẹ̀, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé ní apá kan Cassiopeia A, irin ti kọjá sílíkọ́nì sí òde.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju òje lọ. Kìkì èròjà tí ìgbì ìbúgbàmù ti mú gbóná ni Chandra lè rí. Èyí tí ó tutù pamọ́ fún un. NuSTAR, tí wọ́n rán sókè ní ọdún 2012, ni ó dí àlàfo yìí. Ó ń gba X-ray tí ó lágbára ju ti Chandra lọ, irú èyí tí títéníọ́mù-44 ń tú jáde bí ó ti ń yí padà di èròjà mìíràn. Ìbáà gbóná, ìbáà tutù, ìtújáde náà kì í dúró. Láàárín nǹkan bí 60 ọdún, ìdajì rẹ̀ a ti yí padà, nítorí náà díẹ̀ ṣì kù nínú àwókù náà. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé títéníọ́mù yìí kò tàn kálẹ̀ dọ́gba. Ṣe ni ó ṣù jọ níhìn-ín lọ́hùn-ún.

4. Àgbálọgbábọ̀

Bí ó bá ṣe pé ìbúgbàmù náà tẹ̀ jáde dọ́gba ní gbogbo ọ̀nà ni, títéníọ́mù náà ì bá tàn yíká bákan náà. Bí ó bá sì ṣe pé ojú méjì péré ni ó gbà tú jáde, ojú méjì náà ni ì bá tò sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tí ẹ̀rí gbè lẹ́yìn ni pé gáàsì inú ìràwọ̀ náà ru, ó sì ń fì sọ́tùn-ún sósì, kí ó tó ya. Àwókù kan ṣoṣo kò tó láti ṣẹjọ́ gbogbo ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, àlàyé tí ó bá ka ìbúgbàmù ìràwọ̀ ńlá sí ohun tí ó rí róbótó ní láti kọ́kọ́ dáhùn sí ẹ̀rí Cassiopeia A.