Oorun Baba, Oorun Ìyá, àti Ìlera Ọkàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti òbí wa, ẹni tí ó bá ti gbé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ ẹni tí ó ń hanrun jù nínú iyàrá rẹ̀. A fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà náà. Nísinsìnyí tí púpọ̀ nínú wa ti di òbí àgbà ní Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Bí a bá sùn dáadáa, ìfúnpá a máa lọ sílẹ̀ lóru, ní nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọkàn lè sinmi. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dí lójú oorun kì í rí ìsinmi yìí. Èémí rẹ̀ á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara á ta gìrì, ìfúnpá á sì gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní rántí. Àìsùntó tún ń dí ínsúlínì, tí ó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2012, àwọn dókítà LAUTECH kọ̀wé lórí híhanrun láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà fi oorun kún ohun mẹ́jọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìlera ọkàn.

Èémí dídí yìí wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ariwo rẹ̀ sì ń tú u fó. Ìyàwó ni yóò kọ́kọ́ ráhùn. Ti obìnrin a máa fara pamọ́. Yóò ní òun kò rí oorun sùn, pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, pé ó rẹ òun. A ó sì dáhùn pé wàhálà ọjà ni, tàbí àníyàn ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá ìyá tèmi lóhùn, títí ìfúnpá rẹ̀ fi ga kí a tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró ni ewu náà ń pọ̀ sí i fún obìnrin. Ìyá tí ó ń jí ní aago mẹ́rin nítorí ọjà, tí ó tún ń ṣe ìṣọ́ òru (n kò bá ìṣọ́ òru wí o, kí a ṣáà sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì), kò lè pé wákàtí méje tí àgbàlagbà nílò.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ yẹ ìfúnpá tàbí ṣúgà wò, ẹ sọ bí ẹ ti ń sùn fún dókítà. Kí ọkọ náà tẹ́tí sí bí aya rẹ̀ ti ń mí lóru. Ẹ má sì fi ọtí tàbí oògùn oorun tí dókítà kò kọ fún yín wá oorun: wọ́n a máa mú kí ọ̀fun dẹ̀, èémí a sì túbọ̀ dí.