Martin Offiah: Ohun tó fi sílẹ̀ kó tó di ọba rọ́gbì olówó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, tí ẹ bá gbọ́ rọ́gbì, ẹ má rò pé oríṣi kan ṣoṣo ni o. Méjì ni. Ní Rugby Union, èèyàn 15 ló wà nínú ikọ̀ kan. Ní Rugby League, èèyàn 13 ni. Ní League, tí wọ́n bá gbé ẹ ṣubú, wàá dìde, wàá fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, eré á tún máa lọ. Tí wọ́n bá ti gbé yín ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù di ti àwọn alátakò.

Owó ló pín wọn níyà. Lọ́dún 1895, àwọn kíláàbù apá àríwá England fẹ́ máa san owó iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ń pàdánù. Àwọn ọ̀gá Union kọ̀ jálẹ̀. Bí àwọn yẹn ṣe lọ dá tiwọn sílẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá lọ gbowó ní League, Union ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ohun tó wà níwájú Offiah nìyẹn. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, London ni wọ́n bí i sí. Rosslyn Park ló ti ń gbá Union lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí Widnes wá pè é lọ́dún 1987. Tó bá lọ, ó dágbére fún jẹ́sì England ní Union nìyẹn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: ó lọ.

Eré sísá rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lóṣù kìíní ọdún 1992, Wigan san £440,000 lórí rẹ̀, owó tí wọn ò san rí lórí agbábọ́ọ̀lù League kankan. Lóṣù karùn-ún, ó gba try 10 wọlé Leeds nínú ìdíje kan ṣoṣo!

Oṣù kẹjọ ọdún 1995 ni Union tó gbà kí wọ́n máa sanwó. Offiah padà wá gbá a fún Bedford lọ́dún 1996, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ti lọ. Kò gbá Union fún England rí títí tó fi fẹ̀yìn tì. Lónìí, ère rẹ̀ wà níwájú pápá Wembley, pẹ̀lú ti àwọn akọni League mẹ́rin mìíràn.