Gẹ̀ẹ́sì ọjà: ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó kó yín sí gbèsè

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣé é kó mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò wa láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí dé ẹnubodè Ìdì-Ìrókò, Yorùbá lẹ fi ń nájà, kódà pẹ̀lú àwọn ará Benin tó ń sọ Faransé. Ṣùgbọ́n bó bá di lẹ́tà, ìwé báǹkì tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì la sábà máa ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ọjà wa àti ti òyìnbó kì í fi gbogbo ìgbà bára mu.

Ẹ jẹ́ ká mú "settle". Lọ́dọ̀ òyìnbó, kéèyàn san gbèsè tàbí kó parí aáwọ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ó tún lè jẹ́ rìbá. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ máa "settle" òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọ̀rọ̀ owó-orí tí ẹ fẹ́ san lè di ẹ̀sùn sí yín lọ́rùn. Iye owó àti ohun tí ẹ ń san án fún ni kí ẹ kọ.

"Next tomorrow" ńkọ́? Ọ̀túnla ni. Ní January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà á wọlé pẹ̀lú "tokunbo", tó jẹ́ orúkọ tiwa fún ọjà àlòkù tó ti òkè òkun dé. Síbẹ̀, wọ́n pè é ní Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà ni. Oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè má mọ̀ ọ́n rárá, ọjà yín á sì pẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ àti oṣù sílẹ̀.

Èyí tó le jù ni "bounce". Bí sọ̀wédowó bá "bounce", ó ta padà bíi bọ́ọ̀lù nìyẹn: báǹkì ò san owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kọ́ o. Òfin ọdún 1977 sọ pé bí wọ́n bá gbé e lọ sí báǹkì láàárín oṣù 3, tí owó tó wà nínú àkáǹtì ò tó o, ẹni tó kọ ọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, láìsí owó ìtanràn. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ nítorí owó tí ẹ ń retí. Bí wọ́n bá sì fún yín, ẹ tètè gbé e lọ sí báǹkì.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún yín. Ẹ béèrè pé: èló ni, ọjọ́ wo ni, ta ló máa san án? Ọ̀rọ̀ tí kò bá dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ má fi owó yín lé e lórí.