Kílíníìkì Ìrora: Níbi Tí Wọ́n Ti Pa Ìbéèrè Dà

Ẹnì kan ṣubú, ó fọwọ́ tilẹ̀, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kán. Wọ́n dì í ní POP. Nígbà tí wọ́n tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwòrán fi hàn pé eegun ti so pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀hún kò gbà pé òun ti sàn. Ó wú, ó ń dán, ó ń gbóná, ó tún ń tutù, òógùn ń bò ó nígbà tí ìyókù ara gbẹ, etí aṣọ lásán tó bá sì kàn án ń jó o bí ẹyin iná. Ohun tí àwọn oníṣègùn ti ń pè ní CRPS láti 1994 nìyí. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń tú u fó. Ìlànà tí àwọn ògbógi jókòó ṣe ní Budapest ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: kí ìrora náà ju ohun tó fà á lọ, kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí àmì bíi wíwú tàbí àwọ̀ tó yí padà, kí ó má sì sí àìsàn mìíràn tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Irú ìrora tó ti kúrò lábẹ́ àṣẹ ọgbẹ́ tó bí i yìí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá kílíníìkì ìrora sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni wọ́n kó oògùn tó le jù pamọ́ sí. Ohun tó wúlò jù níbẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n pa dà. Níbòmíràn, wọ́n ń béèrè ohun tó ń dun aláìsàn. Níbẹ̀, wọ́n ń béèrè ohun tí kò lè ṣe mọ́ àti ọ̀nà tí yóò gbà tún un ṣe.

Wàhálà náà ti pẹ́ láyé. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Silas Weir Mitchell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn ba iṣan ìmọ̀lára wọn jẹ́ ní Philadelphia, ìwé tí wọ́n kọ sì jáde ní 1864. Àwọn aláìsàn kan wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí aṣọ tútù kúrò lọ́wọ́ wọn; bí ẹnìkan bá ń ṣí ìwé ìròyìn nítòsí, ariwo rẹ̀ tó láti ru ìrora wọn sókè. Ní 1900, Paul Sudeck, oníṣẹ́ abẹ ní Hamburg, ṣàkíyèsí pé eegun apá bẹ́ẹ̀ ń ṣófo. Oníṣan ń wo iṣan, eléegun ń wo eegun, olúkúlùkù sì dúró sí ẹnu iṣẹ́ tirẹ̀. John Bonica, dókítà tó ń fi oògùn kun aláìsàn lóorun, ló kọ́kọ́ fọ́ odi yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní iléewòsàn ológun Madigan ní ìpínlẹ̀ Washington, ó rí ìrora tí ọgbọ́n òun nìkan kò ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn dókítà ẹ̀ka mìíràn jọ sórí aláìsàn kan náà. Ó kó ohun tó rí kọ́ sínú ìwé ńlá kan ní 1953. Nígbà tó dé Yunifásítì Washington ní Seattle ní 1960, òun, Lowell White tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, àti nọ́ọ̀sì Dorothy Crowley, dá kílíníìkì tiwọn sílẹ̀. Àwọn àgbà kò purọ́: ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ìtàn ìtọ́jú CRPS fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́rẹ́ guanethidine ni ìtọ́jú tó gbajúmọ̀. Nígbà tí wọ́n fi í wé abẹ́rẹ́ omi iyọ̀, kò sàn jù ú lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba lórí ènìyàn 111, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, dán oògùn immunoglobulin wò, òun náà kò ju oògùn ẹ̀tàn lọ. Ní Netherlands, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí ẹ̀bá ọ̀pá ẹ̀yìn dín ìrora kù ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún karùn-ún, ìyàtọ̀ àárín àwọn tó ní in àti àwọn tí kò ní in ti rọ̀. Kódà bí wọ́n bá gé apá náà kúrò, ìrora lè bá aláìsàn lọ sínú kùkùté. Ìdí nìyí tí ìlànà ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2018 fi gbé ìtọ́jú lé òpó mẹ́rin: àlàyé tó yé aláìsàn, ìdẹ̀ra ìrora, lílo apá náà títí yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́, àti ìtọ́jú ọkàn. Oògùn wà níbẹ̀, àmọ́ òpó kan péré nínú mẹ́rin ni.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Ní Bath ní Ìlú Ọba, níbi tí aláìsàn CRPS ti lè wọlé gba ìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán dígí wò. Aláìsàn jókòó sídìí tábìlì, dígí dúró láàárín apá méjèèjì, ọwọ́ tó ń ro ó wà lẹ́yìn dígí. Ó ń ṣí ọwọ́ tó sàn, ó ń pa á dé. Òjìji rẹ̀ ń ṣe bí ọwọ́ tó ń ṣàìsàn, ojú sì ń sọ fún ọpọlọ pé ọwọ́ yẹn ń mira láìsí ewu. Kí wọ́n tó dé ìdí dígí, àwọn kan a kọ́kọ́ ní kó máa wo àwòrán ọwọ́, kó sọ èyí tó jẹ́ ọ̀tún àti èyí tó jẹ́ òsì, lẹ́yìn náà kó fi ọkàn mira. Wọ́n á tún mú òwú kàn án lára, lẹ́yìn náà aṣọ múlọ́múlọ́, lẹ́yìn náà táwẹ́ẹ̀lì, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ní Seattle, Wilbert Fordyce, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera láti máa fúnni lóògùn bí aago bá lù, kí oògùn má bàa di èrè ìkérora, kí ìsinmi sì jẹ́ èrè ẹni tó ti rin iye ẹsẹ̀ tí wọ́n dá fún un.

Alátakò á ní bí dígí bá lè ṣe é, a jẹ́ pé ẹni náà ń tan ara rẹ̀. Rárá o. Ọwọ́ wú lójú gbogbo ayé, ìyàtọ̀ ìgbóná rẹ̀ ṣeé fi ẹ̀rọ wọ̀n. Ronald Melzack àti Patrick Wall ti ṣàlàyé ní 1965 pé ìròyìn ìrora ń gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ọpọlọ sì ní ọwọ́ nínú ṣíṣí àti títì í. Ẹni tó bá ń tún ẹnu ọ̀nà ṣe kò sọ pé olè kò wọlé. Ẹlòmíràn á ní ìwà ìkà ni láti ní kí ẹni tó ń jẹ̀rora máa lo apá rẹ̀, àti pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó rí oògùn gbà. Òtítọ́ ńlá wà níbẹ̀: ìrora jẹjẹrẹ nílò mọ́fíìnì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo sì ti jà fún un gidi ní UCH Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ìrora tí kì í tán yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n kó oògùn ìdílé mọ́fíìnì fún ẹlẹ́yìn-ríro gbogbo jẹ́ àkóbá tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 2021, àjọ NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ìrora onígbàpípẹ́ tí kò ní okùnfà tó hàn gbangba. Apá tí a kò sì lò, líle ló máa ń le.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni ti owó. Dókítà, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì àti onímọ̀ ìhùwàsí lórí aláìsàn kan: ta ni yóò san án? Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò fẹ́ràn láti sanwó abẹ́rẹ́ ju ìjíròrò lọ, ọ̀pọ̀ irú kílíníìkì bẹ́ẹ̀ sì ti kógbá sílé. Àmọ́ ẹni tó bá ṣírò owó abẹ́rẹ́ tó ń lọ lọ́dọọdún, kó ṣírò iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ aláìsàn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó gbówó lórí kọ́ ló kọ́kọ́ wà ní Madigan: àwọn ènìyàn tó jọ sọ̀rọ̀ ni. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ẹni tó kán lápá ti ń ti ọ̀dọ̀ teegun-teegun bọ́ sí iléewòsàn, kò sí ohun tó ní kí dókítà eegun àti oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì má jọ yẹ ọwọ́ kan wò ní ọjọ́ tí wọ́n tú POP, kí wọ́n sì bi ẹni tó ni ín bóyá ó ti lè di bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀. Dígí kò wọ́n lọ́jà.