Títún Ìlú Kọ́: Àǹfààní àti Ìpalára Rẹ̀

Lára ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ tí ó máa ń dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú ni ọ̀rọ̀ wíwó ilé àtijọ́ àti kíkọ́ ilé tuntun. Àwòrán ilé tí a bá tẹ́ síwájú ìgbìmọ̀ a máa dára lójú, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe ògiri àti òrùlé nìkan. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó ń pinnu bí yóò ti rìn jìnnà tó kí ó tó dé ibi iṣẹ́, àwọn tí yóò máa rajà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí yóò bu omi fún un mu nígbà tí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ gbé àǹfààní àti ìpalára ka orí ìwọ̀n kan náà kí ó tó fi ọwọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àárín ìlú Èkó láti ọdún 1955 fi èyí hàn gbangba.

Orí erékùṣù ni àárín ìlú Èkó wà. Bí èrò ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ń fún mọ́ ara wọn. Ọ̀nà tóóró ni ó wà láàrin ilé kan àti èkejì, ènìyàn púpọ̀ a sì máa sùn sínú iyàrá kan ṣoṣo. Ní ọdún 1924, àrùn burúkú kan tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní Lagos Executive Development Board, kí ó lè máa tún ìlú náà ṣe.

Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín erékùṣù náà. Ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà tó nǹkan bí éékà 70. Wọ́n fẹ́ la títì gbòòrò síbẹ̀, kí wọ́n sì tún ilẹ̀ náà pín fún ilé àti ilé ìtajà tuntun. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè, ní òdìkejì ọ̀sà, fún àwọn tí wọn yóò ṣí nípò. Wọ́n sì ṣe ìlérí pé onílé tí ó bá fẹ́ lè ra ilẹ̀ padà ní àárín ìlú nígbà tí a bá ti tún un ṣe tán.

Àǹfààní iṣẹ́ yìí kò fara sin. Ní Sùúrùlérè, atẹ́gùn ń fẹ́ wọ inú ilé, omi ẹ̀rọ kò jìnnà, iná mànàmáná wà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ìdáná tirẹ̀. Fún akọ̀wé tí owó oṣù rẹ̀ dá a lójú, tí ó sì ń gbé pẹ̀lú aya àti ọmọ díẹ̀, ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìtura ńlá. Ìlera àwọn ọmọdé pàápàá kì í ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ kankan gbọdọ̀ fi ṣeré.

Ẹ̀wẹ̀, ìpalára rẹ̀ kò kéré. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìwádìí láàrin àwọn tí ó kó lọ sí Sùúrùlérè àti àwọn tí ó ṣẹ́kù ní àárín ìlú. Ní 1961 ni ìwé tí ó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn ará àárín ìlú ni ó ti ń gbé inú ilé ẹbí láìsan owó ilé. Nígbà tí wọ́n dé Sùúrùlérè, owó ilé di ọ̀ranyàn ní oṣooṣù, owó ọkọ̀ sì tún gorí rẹ̀. Ìyá tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Èkó kò rí oníbàárà tó bí ti àtijọ́ mọ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀ di àlejò níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tí ọmọ, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ń yà kí ní àárọ̀ àti ní alẹ́ wá ń jókòó ní àwọn nìkan, nítorí ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì ṣọ̀wọ́n.

Owó gbà-má-bínú pàápàá kò wo ọgbẹ́ náà sàn. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan; ti gbogbo ọmọ bíbí inú ẹbí ni. Bí a bá pín owó rẹ̀ láàrin àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i, ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè kọ́ ilé mìíràn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìlérí pé onílé lè ra ilẹ̀ padà kò wúlò fún ẹni tí kò ní owó tí yóò fi rà á.

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọba tí ilé rẹ̀ jó náà ni ó padà wọ inú ilé tuntun. Bí a bá wó ilé tálákà, tí ọlọ́rọ̀ sì wá gba ipò rẹ̀, ẹwà lè bù sí ìlú náà, ṣùgbọ́n kò bù sí ti ẹni tí ilé rẹ̀ wó.

Èyí kò fi hàn pé kí ìgbìmọ̀ fi àdúgbò tí ó kún fún ìdọ̀tí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àìṣe ohunkóhun náà ní ìpalára tirẹ̀, nítorí àìsàn àti iná kì í dúró de ìpinnu. Ohun tí ó yẹ ni kí ìgbìmọ̀ béèrè ọ̀rọ̀ mélòó kan kí ó tó tọwọ́ bọ ìwé. Ta ni yóò gbé inú ilé tuntun náà? Èló ni owó ilé rẹ̀, èló sì ni ó ń wọlé fún àwọn tí a fẹ́ kó lọ síbẹ̀? Ǹjẹ́ ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ọkọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé? Ǹjẹ́ a lè tún àdúgbò náà ṣe ní ìpín-ìpín, kí ẹbí má baà fọ́n ká? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ǹjẹ́ a ti gbọ́ ti ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn?

Àwọn ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí òfin nìkan kò lè dáhùn wọn. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní Nàìjíríà là á kalẹ̀ pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn, a óò san owó ilé tí ó wà lórí rẹ̀ àti owó irè oko. Ṣùgbọ́n kò sí owó tí a ń san fún oníbàárà tí ó sọnù, tàbí fún aládùúgbò rere tí ó di ẹni ọ̀nà jíjìn. Ìgbìmọ̀ nìkan ni ó lè ka irú àdánù bẹ́ẹ̀ mọ́ ìnáwó iṣẹ́ náà kí a tó gbé òkúta kan lé èkejì.

Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin. Ìgbìmọ̀ tí ó bá fi sùúrù wọn ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ilé tí yóò dára fún ìlú, tí yóò sì rọrùn fún àwọn tí ó ni ìlú.