Ìyá Tí Ó Kọ́ Àwọn Ọlọ́jà Ní Ìwé: Ìrántí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti

Ẹni tí ojú ìwé ìdílé fẹ́ rántí lóṣù yìí kì í ṣe ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Abẹ́òkúta, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà sì ni ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fẹnu kò lé lórí ní 1889 kò sọ àwa àti ará Abẹ́òkúta di àjèjì sí ara wa. Ohun tí ìyá yìí sì ṣe fún àwọn obìnrin ọlọ́jà tí wọn kò mọ ìwé kan gbogbo ilé tí ìyá ti ń tajà kí ọmọ lè lọ sí ilé ìwé. Mélòó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́? Ẹ bá mi kà á.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni a bí Olúfúnmiláyọ̀. Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀, aránṣọ sì ni ìyá rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òbí gbà pé owó tí a bá ná sórí ìwé ọmọbìnrin, ilé ọkọ ni ó ń bá a lọ. Àwọn òbí tirẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1914 wọ́n fi í sí ilé ìwé gíga Abẹ́òkúta Grammar School, níbi tí ọmọbìnrin kankan kò tíì jókòó rí. Ní 1919 ó lọ kàwé sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wálé ní 1922. Frances Abigail ni wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, ó pa orúkọ òyìnbó wọ̀nyí tì, ó di Fúnmiláyọ̀ fún gbogbo ayé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925 ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tí òun náà jẹ́ olùkọ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n kọ́kọ́ gbé, ibẹ̀ ni ìyá yìí ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní 1928, nígbà tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní 1932 wọ́n padà sí Abẹ́òkúta, ọkọ rẹ̀ di ọ̀gá ilé ìwé tí aya rẹ̀ ti kàwé. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tọ́ dàgbà: Dolupo, Olikoye, Fẹlá àti Bẹkọ.

Ilé ìwé ni ilé wọn, ilé wọn ni ilé ìwé. Àwọn ọmọ olùkọ́ kò rí ojú rere kan tí ọmọ ẹlòmíràn kò rí. Pàṣán tí ó ń na ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ wọn ni ó ń na àwọn náà. Nígbà tí Fẹlá dàgbà tí ó di olórin, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹgba tí ìyá àti bàbá rẹ̀ nà án láì fi bò. Ní tèmi, n kò ní í sọ pé kí ẹ̀yin òbí òní mú pàṣán bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ náà gan-an ni kò fi ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ sílẹ̀ títí ìyá fi kú.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ rèé. Nígbà tí wọ́n padà sí Abẹ́òkúta ni ìyá náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tí wọ́n mọ̀wé, aya àwọn olùkọ́ àti ti àwọn oníṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Ẹgbẹ́ ọmọlúwàbí ni, kò ní ìpalára. Ṣùgbọ́n ní 1944, obìnrin ọlọ́jà kan bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Wọ́n gbà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, kíláàsì àwọn àgbàlagbà sì bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn ìyálọ́jà ti ń kọ́ A, B, D, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ wọn ń gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí. Ogun àgbáyé ṣì ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n sọ fún un pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn láì san iye tí ó tọ́. Wọ́n sọ nípa owó orí tí obìnrin ń san lọ́tọ̀ ní Abẹ́òkúta láti 1918, bẹ́ẹ̀ obìnrin kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná owó náà. Ìyá yìí ti gbé ìlú náà láti kékeré, àwọn tí ó ń kọ́ ni wọ́n wá kọ́ ọ ní ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọjà. Ní 1946 ẹgbẹ́ yí orúkọ padà, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin, ọ̀mọ̀wé àti aláìmọ̀wé.

Nígbà náà ni ó pa aṣọ òyìnbó tì. Ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀, Yorùbá ni ó sì ń sọ ní gbangba, àní níwájú àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn obìnrin tí ó dúró fún lè gbọ́ ohun tí a ń sọ lórúkọ wọn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ lọ sí ilé ìwé Faransé láyé Dàhòmì, ẹ ó rántí sìnyáàlì, àmì tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ lọ́rùn nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀. Ẹ wá wo obìnrin tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan èdè ọjà.

Nígbà tí ìjọba kò gbà kí wọ́n ṣe ìwọ́de, wọ́n ní àríyá ni àwọn ń ṣe. Wọ́n ní ìyá náà tilẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin bí a ti ń ṣe bí àwọn ọlọ́pàá bá ju tajútajú. Olùkọ́ ni lóòótọ́! Ní òpin 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jókòó síwájú ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ìjọba mú owó orí obìnrin kúrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ní 1950 wọ́n mú un padà, nítorí náà kì í ṣe pé gbogbo ará ìlú fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn náà.

Ọkọ rẹ̀ kú ní 1955. Ó rìnrìn àjò dé ilẹ̀ Ṣáínà ní 1956, lẹ́yìn náà ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe. Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1968.

Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Dolupo di nọ́ọ̀sì, Bẹkọ di dókítà tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tálákà. Olikoye, dókítà àwọn ọmọdé, di mínísítà ìlera Nàìjíríà láti 1985 sí 1992. Abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ wẹ́wẹ́ àti omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru, ó mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ní abúlé. Bí mo bá ń ronú nípa rẹ̀, kíláàsì àwọn ọlọ́jà ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì dáná sun ún. Ìyá, ẹni ọdún 76, wà nínú ilé. Wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978 ni ó kú. Wọ́n gbé e padà sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì sin ín sí ibi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, àwọn obìnrin ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn ní Abẹ́òkúta, wọn kò tajà.