Fáìlì Kúrò Ní Ajégúnlẹ̀, Kò Dé Àpápá! Ibo Ló Há Sí?

Aago mẹ́wàá alẹ́ lù. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti tẹ ìwé iye owó ọjà, ó ti to gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ti kó wọn sínú fódà tí òun àti ọ̀gá rẹ̀ jọ ń lò. Ó pa jẹnẹrétọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó forí lé ilé. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá jókòó ní ọ́fíìsì ní Àpápá, ó ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wo fódà ọ̀hún títí. Ìwé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bá níbẹ̀. Ìwé àná kò sí!

Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé láti Boundary dé Wharf Road kò jìnnà rárá. Tírélà lè há, kẹ̀kẹ́ lè há, bọ́ọ̀sì lè há. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò lẹ́sẹ̀, tí kì í wọ go-slow, kí ló dé tí òun náà fi sùn sójú ọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ó ń ṣe éjẹ́ǹtì tó ń báni gba ẹrù ní wọ́ọ̀fù, ó ń ṣe télọ̀ tó fi ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ pamọ́ sórí fóònù, ó ń ṣe ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ní wọ́ọ̀fù ló sì ti dunni jù, nítorí pé ọjọ́ kan níbẹ̀, owó ni. Bí kọ̀ǹténà bá ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun á máa ka owó dẹ̀múréèjì, àwọn tó ni ilẹ̀ tó jókòó sí á máa ka tiwọn lọ́tọ̀. Ta ni yóò san án? Ìyá aláṣọ tó ni ẹrù ni o! Òun náà á sì gbé e lé orí ọjà, kó lè rí owó rẹ̀.

Ìwé ọwọ́ nìkan kò sì tó mọ́. Láti ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021, tí àjọ NPA tó ń ṣàkóso èbúté ti bẹ̀rẹ̀ ìpe-ọkọ̀ orí ẹ̀rọ tí wọ́n sọ ní Ètò, orí ẹ̀rọ ni tírélà gan-an ti ń gba àṣẹ kó tó wọ èbúté. Ẹni tí fáìlì rẹ̀ bá sọnù báyìí, ó dà bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nù lọ́jọ́ ọjà.

ALÁJỌ ORÍ Ẹ̀RỌ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tolórí-tẹlẹ́mù, ẹ jẹ́ ká fi alájọ ṣe àpẹẹrẹ. Káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà, ìwé ńlá wà lọ́wọ́ alájọ. Bí alájọ bá dé nírọ̀lẹ́, á sàmì sí káàdì, á sì sàmì sí ìwé tirẹ̀. Ohun tó wà níhìn-ín ló wà lọ́hùn-ún. Bí alájọ kò bá wá, káàdì á sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìwé á sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Google Drive, OneDrive àti Dropbox rí. Kọ̀ǹpútà Ajégúnlẹ̀ ní káàdì, kọ̀ǹpútà Àpápá ní káàdì, ìwé ńlá wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni àpótí náà. Òyìnbó ń pè é ní cloud, ìyẹn àwọsánmà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú sánmà o. Inú ilé ńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà ni ẹrù yín wà, lórí ilẹ̀ níbí, iná ń jó, ẹ̀rọ atutù ń fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru.

Ìgbàgbé ló bí ọ̀kan nínú wọn. Ará Amẹ́ríkà kan, Drew Houston, gbàgbé fíláàṣì rẹ̀ nígbà tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Boston lọ sí New York. Ó dùn ún dọ́kàn. Òun àti Arash Ferdowsi dá Dropbox sílẹ̀ ní 2007, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2008. Google Drive dé ní 2012. Ti Microsoft, SkyDrive ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ kó tó di OneDrive ní 2014.

Ẹ WÁ IBI TÓ TI JÁ

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé bí fáìlì kò bá ti dé, ariwo á sọ. Ọ̀gá á bú ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ á bú íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wá máa tẹ gbogbo ohun tí ojú bá rí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀nà méjì ni fáìlì ń rìn: ó ń ti Ajégúnlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alájọ, lẹ́yìn náà ló ń ti ọ̀dọ̀ alájọ bọ̀ wá sí Àpápá. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó já nínú méjèèjì.

Kò ṣòro. Ẹ mú fóònù, ẹ ṣí ojú ewé Google Drive tàbí OneDrive lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wọlé pẹ̀lú ímeèlì tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Bí fáìlì bá wà níbẹ̀, Ajégúnlẹ̀ kò jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà Àpápá ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ọ̀gá sílẹ̀, Ajégúnlẹ̀ ni ẹrù wà.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì ọ̀hún kọ sórí fíláàṣì. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò tíì da fáìlì kọ, kó má tíì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

OHUN TÓ MÁA Ń FA Á

Èkíní, ẹ wo ímeèlì. Ọmọ iṣẹ́ lè fi ímeèlì ara rẹ̀ wọlé, kí ọ̀gá fi ti ọ́fíìsì wọlé. Alájọ méjì nìyẹn! Bí wọ́n bá dúró di ọdún tó ń bọ̀, ìwé wọn kò ní dọ́gba. Ẹ rí i pé ímeèlì kan náà ni, tàbí pé ẹni tó ni fódà ti fún ẹnì kejì láṣẹ.

Èkejì ni iná àti dátà. Ẹ rántí ọmọbìnrin tó pa jẹnẹrétọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó parí iṣẹ́? Fáìlì ti wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì jáde nílé. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà wúwo, ó ń fẹ́ àsìkò kó tó gòkè. Ó yẹ kó dúró títí àmì tó ń yí po yóò fi di àmì ẹni tó ti parí. OneDrive tún ní ìwà kan tó yẹ kí ará Èkó mọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bátìrì jẹ, OneDrive á dáwọ́ iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Bí Windows bá sì ka dátà tí ẹ fà láti orí fóònù sí dátà tí wọ́n ń wọ̀n, á tún dúró, kó má bàa jẹ owó yín. Ẹ tẹ àmì àwọsánmà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí i pé ó ti dúró, ẹ ní kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni bátìrì kékeré inú rẹ̀, èyí tó rí roboto bíi owó ẹyọ, ti kú. Bí iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ọjọ́, á padà sí ọdún àtijọ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ wọlé, nítorí pé ọjọ́ ló fi ń mọ̀ bóyá ìwé ìdánimọ̀ ojú ewé ṣì péye. Ẹ tún ọjọ́ àti aago ṣe, kí ẹ sì ní kí atúnkọ̀ǹpútàṣe pààrọ̀ bátìrì náà. CR2032 ni wọ́n máa ń sábà lò.

Ẹ̀kẹrin, àpótí lè kún. Google ń fúnni ní GB 15 lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ímeèlì, fọ́tò àti Drive ló jọ ń pín in. Láti 2024, ìtàkùrọ̀sọ WhatsApp tí fóònù Android ń fi pamọ́ ti wà lára ìṣirò náà. Fídíò òwàm̀bẹ̀ lè gba ipò mọ́ ìwé wọ́ọ̀fù lọ́wọ́! OneDrive ń fúnni ní GB 5, Dropbox ní GB 2. Bí àpótí bá kún, ìwé tuntun kò ní wọlé. Ẹ kó pàǹtí dànù, tàbí kí ẹ sanwó àyè.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni méjì lè máa kọ sínú fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Alájọ kò ní mọ ọwọ́ ta ni kó gbà, á bá fi méjèèjì pamọ́. Dropbox á kọ conflicted copy sára ọ̀kan. OneDrive lè fi orúkọ kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ẹ má yára pa ọ̀kan rẹ́ o! Ẹ ṣí méjèèjì, ẹ fi wọ́n wéra, kí ẹ tó mọ èyí tó péye.

Ó tún ku ọ̀kan tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Lórí OneDrive, bí ẹ bá rí àmì àwọsánmà aláwọ̀ búlúù lára fáìlì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ yín. Ara rẹ̀ wà lọ́dọ̀ alájọ. Bí kò bá sí dátà, kò ní ṣí. Kí ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí wọ́ọ̀fù, ẹ sọ fún un kó máa fi fáìlì náà pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo. Àmì á di aláwọ̀ ewé.

NÍGBÀ TÍ OKÙN JÁ LÁBẸ́ ÒKUN

Nígbà mìíràn, kò sí ẹ̀bi lọ́wọ́ ọ̀gá, kò sí lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íńtánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun lápá etíkun Côte d'Ivoire. Nàìjíríà fara gbá, Ghana fara gbá, Benin Republic náà kò yọ. Báńkì dákẹ́, ọ́fíìsì dákẹ́. Ìyá tó ń na fóònù sókè ní Ajégúnlẹ̀, kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ òkun ni ìṣòro òun wà. Okùn Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò sí lára àwọn tó já. Ó bá wọn ru lára ẹrù náà.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé fíláàṣì, kí ẹnìkan mú un sọdá sí Àpápá.

Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ń ṣàṣìṣe. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn tó ń lo Google Drive lórí kọ̀ǹpútà kígbe pé fáìlì oṣù mélòó kan ti pòórá. Google kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe yọ ímeèlì wọn kúrò lórí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n má sì pa fódà tó ń lò rẹ́. Nígbà tó di oṣù kejìlá, àtúnṣe jáde. Ẹni tó ti fi ìbínú pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ti pa ẹ̀rí tirẹ̀ rẹ́ nìyẹn.

ALÁJỌ KÌ Í ṢE ÀKÓJÚ ÌṢÚRA

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ló wúwo jù. Alájọ yìí ń ṣe ohun tí ẹ bá ṣe. Bí ọmọ iṣẹ́ bá pa fáìlì rẹ́ ní Ajégúnlẹ̀, á pa á rẹ́ ní Àpápá pẹ̀lú. Lórí Google Drive, ó máa ń wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí fún ọgbọ̀n ọjọ́, lẹ́yìn náà ó di àwátì. Ẹni tó bá rí i pé fáìlì sọnù, kó sáré wo inú apẹ̀rẹ̀ náà kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá sì lo kọ̀ǹpútà ibòmíràn, kó jáde kúrò nínú ímeèlì rẹ̀ kó tó dìde, kí ẹlòmíràn má bàa jókòó sídìí àpótí rẹ̀.

Ọmọbìnrin Boundary kò ní láti sunkún. Bó bá tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀, tó fún un ní iná àti dátà, tó sì mú sùúrù, ìwé á gòkè, á sì balẹ̀ sí Àpápá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, kí àwòkọ kan wà lọ́dọ̀ alájọ, kí ọ̀kan wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ọ̀kan sì wà lórí fíláàṣì nínú dúrọ́ọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́.

Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà mẹ́ta, bí ọ̀kan bá dí, ọjà rẹ̀ kò ní bàjẹ́.